Ẹ̀yìn Ni Àgbà Ń Wò: Àríwísí Lórí Géèmù Bíbà Sórí Ọkọ̀ Ojú Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ òwe yìí lórí. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, mo sì ti gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó túmọ̀ sí títí di alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ìsinmi, tí mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi, tí mo sì fi bàálù gbá ìdí ọkọ̀ ojú omi ní ìgbà kọkànlá láàárín wákàtí kan.

Géèmù tí mo fẹ́ ṣe àríwísí rẹ̀ ni DCS World, tí ilé iṣẹ́ Eagle Dynamics ṣe. Kì í ṣe irú géèmù tí a ń tẹ bọ́tìnnì kan tí gbogbo nǹkan yóò sì máa bú gbàmù. Àfarawé ìwakọ̀ òfuurufú ni. Bàálù tí mo ń wà nínú rẹ̀ ni F/A-18C Hornet, bàálù ogun tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé bàálù yìí jáde nínú géèmù náà. Ní ọdún 2020, wọ́n fi apá kan kún un tí wọ́n pè ní Supercarrier, níbi tí a ti ń kọ́ bí bàálù ṣe ń bà sórí ọkọ̀ ojú omi. Apá yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì ju ọ̀kan lọ: géèmù yìí máa ń sọ òtítọ́ fún ẹni tó bá kùnà, ṣùgbọ́n kì í túmọ̀ òtítọ́ náà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kò tíì rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Orílẹ̀-èdè tiwa kò ní ọ̀kan. Ọkọ̀ agbébàálù bíi USS Theodore Roosevelt, tó wà nínú géèmù yìí, gùn ju 330 mítà lọ. Bí a bá to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, bóyá ni wọn yóò fi gùn tó o. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé àyè pọ̀. Kò pọ̀. Ibi tí bàálù lè bà sí kéré gan-an ju ìyẹn lọ, kò sì tẹ̀lé gígùn ọkọ̀ náà. Ó yà sí apá òsì ní nǹkan bíi dígírì mẹ́sàn-án. Wáyà irin mẹ́rin tó nípọn ni wọ́n nà gba orí rẹ̀ kọjá. Bàálù ní ìkọ́ kan lábẹ́ ìrù rẹ̀. Ìkọ́ yìí gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú wáyà mẹ́rin náà, ẹ̀kẹta ni wọ́n sì máa ń fojú sùn. Bàálù tó ń sáré ní nǹkan bíi 250 kìlómítà ní wákàtí kan yóò wá dúró pátápátá láàárín nǹkan bíi 100 mítà, ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń lọ síwájú, ìgbì sì ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1911, Eugene Ely, ọmọ Amẹ́ríkà, fi bàálù bà sórí ọkọ̀ ogun USS Pennsylvania ní San Francisco. Okùn tí wọ́n so àpò iyanrìn mọ́ létí méjèèjì ni ìkọ́ bàálù rẹ̀ fà tó fi dúró. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀gá kan sórí ọkọ̀ tó ń mú ohun kan bí abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, tó ń fi í ṣe àmì sí ẹni tó ń bọ̀: o ga jù, o rẹlẹ̀ jù, padà lọ. LSO ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo dígí àti iná tí Nicholas Goodhart, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ronú kàn. Iná ti òde òní, tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀lù, ọmọ rẹ̀ ni. Bí iná pupa-rúsúrúsú àárín bá wà lókè ìlà iná aláwọ̀ ewé, awakọ̀ ti ga jù. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, ó ti rẹlẹ̀ jù. Bí ó bá pọ́n wẹ́, ikú ti sún mọ́lé. Síbẹ̀, LSO kò kúrò lórí ọkọ̀. Iná lè sọ ibi tí o wà, ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń wo ọ̀nà tí o gbà débẹ̀.

Nínú géèmù, LSO wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá sì bà tán, ó ń fún wa ní máàkì. Máàkì yìí kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Ìlà lẹ́tà kan ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn LSO gidi ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ohun tí mo ń rí léraléra ni FX, HIM, LOIC, tàbí ohun tó jọ ọ́. N kò kà á rárá. Lójú mi, bí ìgbà tí dókítà bá kọ oògùn sínú ìwé ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo rẹlẹ̀ jù nígbà tí mo dé ìdí ọkọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ìdí ọkọ̀, mo ń fa imú bàálù sókè. Nígbà mìíràn, mo gbá ìdí ọkọ̀ náà. Nígbà mìíràn, mo fò kọjá lórí wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iwájú ni mò ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró lẹ́yìn mi, ó wò mí ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ wò ó, ìparí ni kò jẹ́ kí n rọ́nà gbà.”

Ó ní, “Ìparí kọ́ o. Ka ohun tí ọkùnrin yẹn kọ fún ọ, láti ọwọ́ òsì.”

Ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi. X ni ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ojú sí ọkọ̀. IM ni agbedeméjì ọ̀nà. IC ni ìtòsí. AR ni ẹnu ìdí ọkọ̀ gan-an. F ni eré àsápajúdé. SLO ni eré tó kéré jù. H ni gíga jù, LO ni rírẹlẹ̀ jù. LUL ni pé o yà sí òsì, LUR ni pé o yà sí ọ̀tún. Bí wọ́n bá fi àmì akọmọ́ yí lẹ́tà ká, àṣìṣe náà kéré; bí wọ́n bá fa ìlà sí i lábẹ́, ó pọ̀. Ó ní kí n wá ka ti èmi. Mo kà á: ní ìbẹ̀rẹ̀, eré rẹ pọ̀ jù, ní agbedeméjì, o ga jù, ní ìtòsí, o rẹlẹ̀ jù.

Ẹnu yà mí, nítorí ìtàn ni mo kà. Eré tó pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kò jẹ́ kí bàálù sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ga ní agbedeméjì. Nígbà tí mo rí i pé mo ga, mo dín agbára ẹ́ńjìnnì kù púpọ̀, bàálù wá já wálẹ̀ bí òkúta. Ìgbà tí mo máa fi dé ìtòsí, mo ti rẹlẹ̀ jù. Ibi tí mo ń tún ṣe kì í ṣe ibi tó bàjẹ́. Mo ti ṣubú kí n tó rí ọkọ̀ náà dáadáa.

Kí ló wá fa eré àsápajúdé ní ìbẹ̀rẹ̀? A tún padà sẹ́yìn. Ètò wà fún dídé sórí ọkọ̀. Bàálù máa ń gba apá ọ̀tún ọkọ̀ kọjá ní 800 ẹsẹ̀ bàtà, yóò yí sí òsì, yóò dín eré kù, yóò sì padà sẹ́yìn ní 600 ẹsẹ̀ bàtà, kí ó tó wá yí lẹ́ẹ̀kan sí i láti dojú kọ ọkọ̀. Ibi ìpadàsẹ́yìn yìí ló yẹ kí táyà ti jáde, kí ìyẹ́ ẹ̀yìn ti wálẹ̀, kí bàálù sì ti fara balẹ̀. Èmi kì í yọ táyà títí n ó fi máa yí. Ohun tó yẹ kí n parí ní 600 ẹsẹ̀ bàtà ni mo ń gbé wọ inú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí méjìdínlógún tó kù kí n bà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu lórí wáyà mọ́. Kí n ṣáà rí i pé iná róbótó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú awakọ̀ ti tàn kí n tó yí. Iná náà ń sọ pé bí bàálù ṣe gbé imú sí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ ti tọ́, èyí tó jẹ́ 8.1 dígírì fún Hornet. Bí bàálù bá wúwo, eré tí òdiwọ̀n yìí ń fẹ́ yóò ga. Bí ó bá fúyẹ́, yóò dín kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ fi ń wo iná náà ju nọ́ńbà eré lọ. Ní ìgbà kẹrin tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ìkọ́ mú wáyà kejì.

Àṣìṣe mi kò tán síbẹ̀, mo sì rò pé àwọn tó bá ń kọ́ géèmù yìí yóò rí ara wọn nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, imú bàálù ni mo fi ń wá gíga. Ó jọ pé ó bọ́gbọ́n mu: bí o bá fẹ́ lọ sókè, fa imú sókè. Ṣùgbọ́n ní eré kékeré bẹ́ẹ̀, bí o bá fa imú sókè, eré yóò kú, bàálù yóò sì rì. Agbára ẹ́ńjìnnì ni a fi ń wá gíga, díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Èkejì, mo máa ń rí LUL ṣáá. Mo ti ń bá ọkọ̀ jà kí ó tó yé mi pé ojú ibi tí a ń bà sí yà sí òsì nígbà tí ọkọ̀ ń lọ síwájú tààrà. Nítorí náà, ojú ọ̀nà náà ń sún sí ọ̀tún ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá dojú kọ ibi tó wà nísinsìnyí yóò dé nígbà tí ó ti kúrò níbẹ̀. A ní láti máa tẹ̀ lé e sí ọ̀tún ní kékeré kékeré. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ni ti ọwọ́ mi. Ọ̀pá ìdarí tí a rà ní tòkunbọ̀ ti gbó. A tì í díẹ̀, kò gbọ́, a tì í sí i, ó fò. Àwòrán orí kọ̀ǹpútà náà sì ń fà bí a bá ti sún mọ́ ọkọ̀, nítorí ohun tó fẹ́ yà pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tún ìgbọ́ràn ọ̀pá náà ṣe nínú ètò géèmù, ó sì dín ẹwà omi òkun kù. Ó yẹ kí ènìyàn yẹ irinṣẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó bú ara rẹ̀, kí ó sì yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó bú irinṣẹ́.

Níbi tí a dé yìí, mo lè ṣe ìdájọ́. Mo fi géèmù yìí wé ti àtijọ́ kan. Ní ọdún 1987, ilé iṣẹ́ Konami ṣe géèmù Top Gun fún ẹ̀rọ Nintendo. Bíbà sórí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ayé ìgbà náà ló sì kùnà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ń pàṣẹ: lọ sókè, lọ sí òsì, dín eré kù. Bí o bá ṣe é, ó dára. Bí o kò bá ṣe é, o kú. Àṣẹ wà, ìdí kò sí. DCS ga jù ú lọ fíìfíì. Kì í tan ènìyàn, kì í sì í kan sáárá sí ẹni tí kò yẹ. Gbogbo àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ló ní ìdí tí ènìyàn lè wá rí. Fún mi, èyí ni ọlá tó ga jù tí géèmù lè bu fún ọmọdé.

Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ wà. Nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, LSO kì í kọ lẹ́tà sílẹ̀ kó sì lọ. Lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ bá bà tán, ó ń wọlé tọ̀ wọ́n lọ, a sì ka ohun tó kọ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan sí i létí. Máàkì náà ń lọ sórí pátákó lára ògiri, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń rí i, bí ìgbà tí a ń ka ipò ní kíláàsì. Ìtìjú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlàyé ti ṣáájú ìtìjú. Nínú géèmù, lẹ́tà dé, olùkọ́ kò dé. Ọmọ tí kò bá ní ẹ̀gbọ́n bí tèmi lè gbá ìdí ọkọ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kí ìdáhùn sì wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Bí ìlà kan ṣoṣo bá wà lábẹ́ lẹ́tà wọ̀nyẹn tó ń sọ pé “wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ”, géèmù náà ìbá sàn ju bó ṣe wà lọ.

Àléébù kejì ni pé ikú dínkù ní owó nínú rẹ̀. Mo kú ní ìgbà mọ́kànlá, mo sì ń jẹ ẹ̀pà. Èyí ní àǹfààní tirẹ̀, nítorí ẹni tí kò bẹ̀rù ni ó lè gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ó mú mi ya aláìbìkítà. Láti ìgbà tí mo ti ṣe òfin fún ara mi pé bí mo bá gbá ọkọ̀, n ó pa kọ̀ǹpútà títí di ọjọ́ kejì, ọwọ́ mi ti rọ̀.

Màmá mi ní ìbéèrè tirẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé ogun ni ẹ ń kọ́ nínú ilé mi ni?” Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Bàálù ogun ni Hornet. Géèmù náà ń fi bí a ṣe ń sọ bọ́ǹbù hàn ní kíkún, kò sì fi àwọn tó wà lábẹ́ bọ́ǹbù hàn bí ènìyàn. Bí mo bá yin òtítọ́ rẹ̀ lórí bíbàlẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ pé kò sọ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ẹ̀yin òbí ní ẹ̀tọ́ láti bá ọmọ yín jókòó kí ẹ sì bi í pé: ta ló wà nísàlẹ̀?

Ohun tó kù ni ìdí tí mo fi kọ àríwísí yìí. Nínú ìlànà máàkì àwọn ọmọ ogun ojú omi náà, ẹni tó bà dáadáa gba 4. Ẹni tó ṣe é níwọ̀nba gba 3. Ẹni tí ìkọ́ rẹ̀ kò mú wáyà kankan, ṣùgbọ́n tó ti ti agbára ẹ́ńjìnnì dé òpin nígbà tí táyà kanlẹ̀, tó sì fò padà lọ láìléwu, gba 2.5. Ẹni tó mú wáyà lọ́nà tí kò bójú mu gba 2. Ẹ tún un kà. Ẹni tí kò rí ohun tó ń wá gbà lè gba máàkì ju ẹni tó rí i gbà lọ, bí ọ̀nà tó gbà bá dára ju ti onítọ̀hún lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo mú ìwé ìdánwò ìṣirò wálé. 38 ni wọ́n kọ sí i pẹ̀lú bírò pupa, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá mi ti pinnu pé géèmù ló fà á. Lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún ìwé náà ṣí, mo sì kà á bí mo ṣe ka lẹ́tà LSO, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ní kí n wá x: 3(x − 4) = 2x + 5. Ìdáhùn mi ni 9, wọ́n sì fa ìlà pupa sí 9 náà. Ṣùgbọ́n 9 kọ́ ni mo ti ṣubú. Ní ìlà kejì, mo ti kọ 3x − 4 dípò 3x − 12. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e tọ̀nà. Mo wá ìbéèrè mẹ́ta mìíràn tí mo kùnà, àkámọ́ wà nínú gbogbo wọn, ìlà kejì ni mo sì ti ṣubú nínú gbogbo wọn. Ohun tí mo pè ní “n kò mọ ìṣirò” jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí n kò mọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé ìwé tí ẹ ń máàkì pọ̀, àwa ọmọ sì pọ̀ ní kíláàsì. Bí kò bá sí àyè fún àlàyé, ẹ kàn bá wa fi X síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mú ìwé náà lọ bá Màmá mi ní ilé ìdáná, mo sì fi ìlà kejì hàn wọ́n. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyẹn ni pé ìlà kejì ni kí o lọ kọ́. Lọ kọ́ ọ kí o tó tan kọ̀ǹpútà yẹn.”